Èmi Ni Mo Ṣẹ́ Apá Atukọ̀, Bàbá Ló Ru Ẹ̀bi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ kò mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ. Ojú máa ń tì mí láti kékeré. Bí olùkọ́ bá pè mí ní kíláàsì, ohùn mi á há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu mi kọ̀ láti sọ, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́dún tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìyá mi ló lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà létí èbúté.

"Ṣé ọmọ yín tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn?" ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Níbi iṣẹ́ tiwa, àwọn ère ló ni ọ̀rọ̀, èèyàn ló ni ìdákẹ́."

Bàbá Oníyẹ̀ẹ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ìgbálẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò tó fi ń gbọn eruku. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í gba àlejò lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ náà, Bàbá nìkan ló láṣẹ láti fọwọ́ kan àwọn ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Kò sí èyí tó já, kò sí èyí tó sán.

Àwa yòókù, àga ni tiwa. A ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, a ó máa wí fún àwọn àlejò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Nírọ̀lẹ́, kí a tó ti ilẹ̀kùn, a ó mú ìwé yàrá, a ó wo ohun kọ̀ọ̀kan, a ó kọ "Ó pé" síwájú orúkọ rẹ̀, a ó sì buwọ́ lù ú.

Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Mo mọ pákó ilẹ̀ tó máa ń han bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Mo mọ àwọn àlejò tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ère láìwo ère fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń wọ èbúté, gíláàsì ojú àpótí á gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú. Bí mo bá rí gbogbo èyí, kò sí ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún.

Nínú yàrá mi, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n fi igi gbẹ́, kò gùn ju apá èèyàn lọ. Àwọn atukọ̀ mọ́kànlá ló jókòó sínú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Mẹ́wàá kọjú síwájú, wọ́n fajú ro. Ìkọkànlá, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, yí ọrùn padà sí ògiri. Láti ibi okùn tí wọ́n ta síwájú rẹ̀, kò sí àlejò tó lè rí ojú rẹ̀.

Èmi ti rí i. Bàbá ló pè mí lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní, "Wá wo alákọrí yìí."

Ẹ̀rín ni atukọ̀ náà ń rín. Eyín rẹ̀ mẹ́rin hàn.

"Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú," ni Bàbá wí, "mi ò tíì mọ ohun tó rí lẹ́yìn tó ń pa á lẹ́rìn-ín."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nìyẹn, kí ọmọbìnrin ayàwòrán tó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá, pẹ̀lú àpótí ìjókòó kékeré kan àti bébà fífẹ̀. Ìrésà aláwọ̀ eérú kan, tó fi ń pa ohun tó bá yà ṣì rẹ́, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Bó bá ń ronú, á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, á máa yí i. Ọkọ̀ yẹn ló ń yà.

"Ọ̀gbẹ́ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án," ó kí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ẹ kú iṣẹ́ àìṣiṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun."

"Háà! Ó mà lè sọ̀rọ̀! Mo rò pé wọ́n gbẹ́ ẹ mọ́ àga ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wolẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ronú ohun tí ǹ bá ti fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, ó ju pẹ́ńsù sórí itan, ó mí kanlẹ̀.

"Àwọn mẹ́wàá ti wà lórí bébà. Ìkẹyìn yìí ló kọ ẹ̀yìn sí mi bí ìyàwó tó ń bínú."

"Ó ń rẹ́rìn-ín." N kò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde.

"Ta ni?"

"Òun. Ìkẹyìn yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Irọ́! Nínú ọkọ̀ tí gbogbo wọn ti ṣe ojú bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì?"

"Mo rí i. Eyín rẹ̀ mẹ́rin ló hàn."

Ó dìde, ó wá dúró níwájú mi. Gbogbo yàrá ṣófo. Òjò ń rọ̀ níta, àwọn àlejò kò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ yí i fún mi kí n rí i."

"Bàbá nìkan ló lè fọwọ́ kàn án."

"Bàbá dà?" Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ àga mi. "Bàbá, ẹ wà níbẹ̀? Kò sí Bàbá o. Díẹ̀ ni mo ní kí ẹ yí i. Ṣé ẹyin ni, tó máa fọ́?"

Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ló tàn mí jẹ, bó tilẹ̀ rẹwà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó tọrọ ohun kan lọ́wọ́ mi tó jẹ́ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀ láti fún un. Mo fẹ́ kí ẹnì kan rí ohun tí mo rí.

Mo wẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe rí i tí Bàbá ń ṣe é, títí ojú atukọ̀ ìkẹyìn fi kọ sí wa.

Ayàwòrán tẹjú mọ́ ọn. Ó bo ẹnu rẹ̀.

"O ò parọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti ń pè mí ní "o." Inú mi dùn débi pé etí mi gbóná.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi yà á. Nígbà tí agogo ìparí dún, ó kọ ọjọ́ náà sábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì ju ọwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbàgbé ìrésà rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Mo ní kí n sáré dá ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ Màdáámù, ọ̀gá àgbà wa, tó ń dún bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ mi yá jù. Bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù mi kọ́ àjẹ̀ atukọ̀ ìkẹyìn.

Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná. Kò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá àti àjẹ̀ já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo fo okùn, mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

Màdáámù yọjú. "Ṣé gbogbo ẹ̀ wà dáadáa?"

"Ó wà dáadáa, Mà."

"Ìwọ ọmọ yìí, o máa ń làágùn jù. Ṣí fèrèsé." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo já díẹ̀ lára ìrésà náà, kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Mo tún fo okùn, mo yí ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀, mo sì fi lẹ apá náà padà. Ó dúró. Bí èèyàn bá fẹnu fẹ́ ẹ, á wó. Ṣùgbọ́n ó dúró. Mo ṣí ìwé yàrá. Síwájú "Ọkọ̀ onítukọ̀ mọ́kànlá," mo kọ "Ó pé." Mo buwọ́ lù ú.

Bí mo bá sọ fún yín pé n kò rántí pé ọjọ́ Ajé ló kàn, a jẹ́ pé irọ́ ni mo tún ń pa fún yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń nu ilẹ̀ yàrá nígbà tí Bàbá wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀. Ó máa ń kí àwọn atukọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó bá ti ń gbọn wọ́n. "O jí re? Ìwọ ńkọ́? Kú ìjókòó o." Mo ń kà wọ́n lọ́kàn. Ó kan ìkẹjọ. Ó kan ìkẹsàn-án. Àyè wà fún mi láti pariwo. Mo ń nu ibi kan náà ṣáá.

Ó já. Ó ró kó lórí pákó ilẹ̀.

Bàbá dúró gbọnyin. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ohun tó já. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni Bàbá ti ń wá a. Apá atukọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kedere. Ojú Bàbá ti ń di bàìbàì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, Bàbá."

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ nìyẹn.

Màdáámù dé. Ó ṣí ìwé. "Lánàá, ó pé. Ìbuwọ́lù rẹ nìyí. Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ má yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu," ni Bàbá wí. Ó ṣì wà lórí eékún. "Abẹ́ ọwọ́ mi ló ti já. Mo gbọ́ ọ. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, Mà. Láti ọdún tó kọjá ni. Mo fi pa mọ́ fún yín, ẹ forí jì mí."

Màdáámù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè jẹ́ kí ẹ tún fọwọ́ kan nǹkan kan níbí."

"Mo mọ̀."

Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kó máa lọ sílé láti ọjọ́ náà. Kó tó lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kó ìgbálẹ̀ ìyẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Mo ti bá Màdáámù sọ ọ́. Ìwọ ni kó o máa gbọn wọ́n. Ojú rẹ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ sì dúró ṣinṣin."

Mo gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo gbà á, mo sì dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi àti ìyá mi lọ kí wọn nílé. Ìyàwó Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń sunkún. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á gbé mi ga, pé èmi nìkan ni mo yọjú nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Irọ́ kì í jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Màdáámù pè mí. "Ẹni tó ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe ní òun rí ohun rírọ̀ kan níbi tó ti já. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí. Ṣé Bàbá máa ń lẹ nǹkan ni?"

Mo wo bàtà rẹ̀. "Bóyá, Mà."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ń gbé gbogbo ère sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí Bàbá ti lẹ̀ wọ́n. Wọ́n rí ojú sísán àtọdúnmọ́dún tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Bàbá, wọ́n ní Bàbá ló fà á.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!" ni ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wí. "Kò ṣẹ́ nǹkan kan rí, àṣé ńṣe ló ń lẹ̀ wọ́n. Bàbá Oníyẹ̀ẹ́ kọ́ o, Bàbá Onílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà wò mí.

Wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri àwọn òṣìṣẹ́. Àmì onígun mẹ́rin funfun kan ló kù níbẹ̀. Mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe tán, tí wọ́n dá a padà, mo máa ń fò ó kọjá bí mo bá ń gbọn eruku lọ́jọ́ Ajé. Eruku bò ó.

Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ya gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àfihàn àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ ìṣíde, èrò pọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan nínú ẹ̀wù búlúù mi. Mo rí Màdáámù tó ń ti àwòrán kan bọ́ sí òmíràn, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn òbí. Ó dé iwájú ọ̀kan, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Atukọ̀ ìkẹyìn ni. Ojú rẹ̀ kọ sí wa gbangba, pẹ̀lú eyín mẹ́rin. Apá rẹ̀ méjèèjì pé.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, Mà!" Ayàwòrán sáré wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ ìrésà, ó ń yí i.

"Ó dára púpọ̀. Báwo lo ṣe rí ojú rẹ̀? Ògiri ló kọjú sí."

Ayàwòrán wò yíká, ó rí mi. Ojú rẹ̀ tàn. Ó nawọ́ sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọ̀gbẹ́ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni! Òun ló yí i fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mà. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Màdáámù kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ọjọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó tún un kà: ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí apá já. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà.

"Kí nìyẹn?"

"Ìrésà ni, Mà. Mo tiẹ̀ gbàgbé ọ̀kan síbí lọ́jọ́ yẹn."

"Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án." Ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Ó rọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí láti òdì kejì gbọ̀ngàn.

"Wá síbí."

Mo lọ. Ibẹ̀ jìnnà.

"Ta ló ṣẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Mà." Lọ́jọ́ yẹn, ohùn mi kò há.

"O sì wò mí lójú, o ní 'bóyá'?"

N kò wò ó lójú nígbà náà, bàtà rẹ̀ ni mo wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àwíjàre nìyẹn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni ayàwòrán ń béèrè. "Kí ni mo sọ?" Ẹnì kan sọ ọ́ fún un létí. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ó lọ sídìí ògiri, ó yọ àwòrán náà fúnra rẹ̀, ó ká a. Kò wò mí mọ́.

"Mi ò ní kọ lẹ́tà sí Bàbá," ni Màdáámù wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìwọ lo máa lọ. Nísinsìnyí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ. Bó o bá ti sọ ọ́ tán, má padà wá síbí mọ́."

Mo rìn dé ilé Bàbá. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ọmọ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọlé."

Bàbá wà lórí àga, ó ki ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan. Ìyá fi ife gíláàsì bu omi fún mi, ó fi ti rọ́bà bu fún Bàbá, ó sì gbé e sí i lẹ́nu kó mu ún. Gbogbo ohun tó lè fọ́ nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti gbé sórí pẹpẹ òkè, níbi tí ọwọ́ Bàbá kò ti ní dé.

"Bàbá, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ."

"Kí lo ṣẹ́?"

"Apá atukọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó mi orí. "Abẹ́ ìyẹ́ mi ló ti já. Mo gbọ́ ọ."

"Ó ti já kí ẹ tó dé ibẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo ń wò yín."

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O jókòó tì mí. Níbí yìí. O ní kí n má sunkún."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀." Ó wọ yàrá kejì. Ó jáde pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan, ọmọ tí ọmọbìnrin wọn bí ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Bàbá ò gbé e rí. Ó ní ọwọ́ òun ti di ọwọ́ tó ń ṣẹ́ nǹkan. Bí mo bẹ̀ ẹ́, bí ìyá ọmọ sunkún, ó ní rárá." Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí? Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ó yá, ẹ gbà á."

Bàbá fa ọwọ́ yọ lábẹ́ itan. Ọwọ́ náà ti tínrín. Ó nà án. Ìyá gbé ọmọ sún mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kó gbé e lé e lọ́wọ́. Mo rí i tí àwọn ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

"Gbé e padà."

"Ẹ ṣáà gbà á."

"Gbé e padà, mo bẹ̀ ọ́, kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan padà.

Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjọ́ náà. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ bíi tèmi mọ̀ ni pé èèyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi padà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ nítorí irọ́ rẹ, kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́ láti gbà padà. Ìyá mi ń bi mí lálaalẹ́ bóyá Bàbá ti gbé ọmọ náà.

N kò mọ̀.